Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ Ọjọ́ Orí Ìgò Oògùn Àtijọ́ Tó Ní Lẹ́tà Lára

"Ọdún wo ni wọ́n ṣe ìgò yìí?" Ìbéèrè yìí kì í tán. Ẹnì kan á hú ìgò oògùn jáde nínú ilẹ̀, tàbí kó rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ohun àtijọ́. Á ya fọ́tò iwájú rẹ̀, níbi tí lẹ́tà tó yọ lára gíláàsì ti fi orúkọ dókítà kan hàn ketekete, á wá ní kí n sọ ọdún rẹ̀. Mi ò lè sọ ọ́ láti ibẹ̀. Orúkọ iwájú ìgò ń sọ ẹni tó ta oògùn. Ẹnu ìgò àti ìdí rẹ̀ ló ń sọ bí wọ́n ṣe ṣe ìgò, bí wọ́n sì ṣe ṣe é ló ń sọ ìgbà. Ẹ wo Lydia E. Pinkham's Vegetable Compound: ọdún 1875 ló dé ọjà, wọ́n sì ṣì ń tà á wìtìwìtì lẹ́yìn 1920. Ẹni tó bá ka orúkọ nìkan lè fi ogójì ọdún ṣìnà.

Ètò tí mò ń tẹ̀ lé ni ẹnu, ìdí, lẹ́tà, àwọ̀. Bí wọ́n ṣe tò yẹn ni kí ẹ ṣe é. Ìgò Amẹ́ríkà ni púpọ̀ nínú ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí dá lé, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní abala tirẹ̀.

## Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Bí kọ́ọ̀kì bá ṣì wà lẹ́nu ìgò, ẹ má ṣí i. Ẹ má fi imú gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀. Mrs. Winslow's Soothing Syrup, tí àwọn ìyá ń fún ọmọ tó ń hu eyín, mọ́fíìnì ló wà nínú rẹ̀. Àwọn oògùn míì ayé ìgbà náà ní ásẹ́nììkì, mẹ́kúrì tàbí ópíọ̀mù. Bí nǹkan bá kù nínú ìgò yín, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ gbé e nàró, ẹ fi síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó. Ẹ má dà á sínú ṣíǹkì.

Bí bébà bá ṣì lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ẹ má jẹ́ kí omi kàn án. Mo rẹ ọ̀kan sómi nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, bébà náà sì di ẹ̀kọ lọ́wọ́ mi. Ó dùn mí títí dòní, torí bébà yẹn ì bá sọ ju gíláàsì lọ. Òfin oúnjẹ àti oògùn tí Amẹ́ríkà ṣe ní 30 oṣù kẹfà 1906, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní 1907, ló pàṣẹ pé kí wọ́n kọ iye ọtí, mọ́fíìnì, ópíọ̀mù tàbí kokéènì tó wà nínú oògùn sára bébà rẹ̀. Bébà tó bá dárúkọ òfin yẹn kò lè ṣáájú rẹ̀.

Ohun tí ẹ máa nílò:

- tọ́ọ̀ṣì kékeré
- awò tó ń mú nǹkan kékeré tóbi
- pẹ́ńsù rírọ̀ àti bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́
- rúlà
- aṣọ rírọ̀, ọṣẹ díẹ̀, àti omi tí kò gbóná, tí kò sì tutù jù

Omi gbígbóná máa ń la gíláàsì tó ti pẹ́ nílẹ̀. Ẹ má fi wáyà ha inú ìgò, ẹ má sì da ásíìdì sí i. Bí ara rẹ̀ bá ṣì rí bíi kùrukùru lẹ́yìn tí ẹ ti fọ̀ ọ́, kì í ṣe ìdọ̀tí mọ́. Ilẹ̀ ló ti jẹ gíláàsì náà. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ fi èékánná ka ẹnu rẹ̀

Inú mọ́ọ̀dù onírin alábala méjì, ìyẹn ohun tó ń fún ìgò ní ìrísí, ni wọ́n ti ń fẹ́ atẹ́gùn sí gíláàsì yíyọ́ kó lè di irú ìgò báyìí. Ibi tí abala méjèèjì ti pàdé máa ń fi ìlà tín-ín-rín kan sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ìgò, lọ́tùn-ún àti lósì. Ẹ fi èékánná àtàǹpàkò tẹ̀ lé ìlà náà láti èjìká ìgò lọ sókè, kí ẹ ṣọ́ ibi tó ti parí.

1. Ìlà náà gba orí ètè kọjá dé ẹnu gan-an, ìlà míì sì yí ọrùn ká lábẹ́ ètè. Ẹ̀rọ ló ṣe é. Ọdún 1903 ni Michael J. Owens gbé ẹ̀rọ tó ń dá ṣe ìgò jáde ní Toledo, ìpínlẹ̀ Ohio. Ìgò oògùn ẹlẹ́nu tóóró tó ní ìlà báyìí ṣọ̀wọ́n kó tó di 1905, nígbà tó sì fi máa di ìgbẹ̀yìn àwọn ọdún 1920, òun ló gba gbogbo ọjà. Ìgò ìpara ẹlẹ́nu fífẹ̀ ni kí ẹ yọ sílẹ̀. Ẹ̀rọ ti ń ṣe ìyẹn láti àárín àwọn ọdún 1890.

2. Ìlà náà ń pòórá díẹ̀díẹ̀ lọ́rùn kó tó dé ètè. Ẹ yí ìgò náà síwájú tọ́ọ̀ṣì, ẹ máa rí òrùka wẹ́wẹ́ tó yí ọrùn ká. Òṣìṣẹ́ ló tún ẹnu ìgò náà yọ́ nínú iná, tó fi irinṣẹ́ ki ètè rẹ̀, tó sì ń yí i. Yíyí yẹn ló nu ìlà nù. Láti àwọn ọdún 1870 títí dé nǹkan bí 1920 ni, àmọ́ ọ̀pọ̀ ìgò oògùn irú ẹ̀ tí mo ti rí bọ́ sáàárín 1885 sí 1915.

3. Ìlà náà dúró gbọnrangandan sábẹ́ ètè, ètè sì dà bí ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n da gíláàsì yíyọ́ yípo orí ọrùn ni, wọ́n wá fi irinṣẹ́ tún un ṣe. Nígbà míì, gíláàsì náà máa ń ṣàn lé ọrùn bí àbẹ́là tó yọ́. Ṣáájú nǹkan bí 1890 ni púpọ̀ nínú wọn.

4. Ètè fẹ́lẹ́, tí wọ́n kàn fẹ̀ síta tàbí tí wọ́n ká wọnú. Bí ẹ bá rí èyí, ẹ tètè wo ìdí ìgò. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀yin àti ìgò tó ṣáájú 1870 wà ní ojúkojú.

Ṣé ẹ ti gbọ́ ọ rí pé bí ìlà náà bá ṣe ga tó lọ́rùn ni ìgò ṣe ń di tuntun tó? Wọ́n ti fi kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn bẹ́ẹ̀, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Bí ọwọ́ òṣìṣẹ́ bá ṣe jìn tó nígbà tó ń ki irinṣẹ́ bọ ọrùn ló ń pinnu ibi tí ìlà máa parí sí. Bóyá ó gba orí ètè kọjá tàbí kò gbà á kọjá ni kí ẹ wò.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ dojú ìgò délẹ̀, ẹ wo ìdí rẹ̀

Àpá ọ̀pá. Láyé àtijọ́, wọ́n máa ń lẹ ọ̀pá irin mọ́ ìdí ìgò kí wọ́n lè rí i dì mú nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ẹnu rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣẹ́ ọ̀pá náà kúrò, àpá máa ń kù. Bí àpá náà bá mú, tó rí bí òrùka gíláàsì ṣíṣẹ́ (ẹ rọra, ó lè gé yín lọ́wọ́), tàbí tó ní àbàwọ́n pupa-dúdú bí ìpẹtà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé wọ́n ṣe ìgò náà ṣáájú nǹkan bí 1870. Láàárín àwọn ọdún 1860 ni irin tó ń gbá ara ìgò mú rọ́pò ọ̀pá, ìdí ìgò sì di dídán.

Òrùka ẹ̀rọ Owens. Òrùka tí kò gún régé ni, etí rẹ̀ rí ṣákaṣàka bí okùn tó ń tú. Kì í sábà wà láàárín gbùngbùn, nígbà míì ó máa ń yà lọ sí gìgísẹ̀ ìgò. Bí ẹ bá rí i, ìbéèrè nípa fífẹ́ ìgò lẹ́nu ti parí: lẹ́yìn 1904 ni.

Àmì ilé iṣẹ́ tó ṣe gíláàsì. Ẹ má fi ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ta oògùn. Àwọn tó máa ń wọ́pọ̀ nídìí ìgò oògùn nìyí:

- W. T. & CO.: Whitall Tatum & Company, Millville, New Jersey. 1857 sí 1901 ni wọ́n jẹ́ orúkọ yìí. Lẹ́yìn 1901, "&" kúrò níbẹ̀.
- I nínú dáyámọ́ńdì: Illinois Glass, nǹkan bí 1915 sí 1929.
- O nínú ìgun mẹ́rin: Owens Bottle Company, kò kọjá 1929.
- O tó dábùú dáyámọ́ńdì, tí I wà láàárín wọn: Owens-Illinois, láti 1929. Nọ́ńbà apá òsì ni ti ilé iṣẹ́, nọ́ńbà apá ọ̀tún ni ti ọdún. Ibí yìí ló ń da ọ̀pọ̀ rú: "5" lè jẹ́ 1935, ó sì lè jẹ́ 1945. Ẹ wá àmì ìdánudúró kékeré (.) lẹ́yìn nọ́ńbà náà. Nígbà tí wọ́n wọ àwọn ọdún 1940 ni wọ́n fi í síbẹ̀ kí wọ́n lè fi ìyàtọ̀ hàn.
- M nínú òbìrìkìtì: Maryland Glass, láti 1916. Ó wọ́pọ̀ nídìí ìgò aláwọ̀ aró Bromo-Seltzer, oògùn orí fífọ́.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ wá ka lẹ́tà ara rẹ̀

Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe wà, pẹ̀lú àṣìṣe rẹ̀ bí ó bá ní. Ibi tí ìlà kan bá ti parí, ẹ fa ìlà dídágẹ̀ẹ́rẹ́, kí ẹ sì sọ ẹ̀gbẹ́ tó wà. Bí ẹ bá sọ "Pittsburg" di "Pittsburgh" (ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, PA.) nítorí pé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, ẹ ti pa ẹ̀rí run.

Mo fẹ́ràn ẹ̀rí Pittsburgh yìí gan-an. Ní 1891, ìgbìmọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí orúkọ ìlú yọ "h" ìparí rẹ̀ kúrò. Inú àwọn ará ìlú kò dùn sí i, wọ́n sì dá a padà fún wọn ní 1911. Ìgò tó bá kọ ọ́ láìsí "h" sábà máa ń bọ́ sáàárín ogún ọdún yẹn. Àwọn kan ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, torí náà ẹ wá ẹ̀rí míì tì í lẹ́yìn.

Orúkọ ìpínlẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀. Bí "D.T." (Dakota Territory) bá wà lẹ́yìn orúkọ ìlú, ìgbà tí Dakota kò tíì di ìpínlẹ̀ ni, ìyẹn ṣáájú oṣù kọkànlá 1889. "W.T." lẹ́yìn ìlú ní apá Washington náà ṣáájú oṣù yẹn. "I.T." (Indian Territory) àti "O.T." (Oklahoma Territory), ní ilẹ̀ tó di Oklahoma, kò kọjá 1907. Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan níbí: "W.T." níwájú ìgò, lẹ́yìn orúkọ ìlú, ilẹ̀ Washington ni. "W.T." nídìí ìgò, Whitall Tatum ni. Mo ti rí ẹni tó fi èyí pe ìgò New Jersey ní ìgò Washington.

Ọ̀rọ̀ náà CURE. "Ìwòsàn" ni ìtumọ̀ rẹ̀, àwọn olóògùn sì ń kọ ọ́ sára ìgò bó ṣe wù wọ́n. Òfin 1906 bẹ̀rẹ̀ sí í dí wọn lọ́wọ́. Àtúnṣe tí wọ́n pè ní Sherley ní 1912 wá fi òfin de irọ́ nípa ohun tí oògùn lè wò. Ọ̀pọ̀ wọn fi REMEDY, ìyẹn "oògùn", rọ́pò CURE. Ẹ wo Dr. Kilmer's Swamp Root ti Binghamton, New York: èyí tó ní CURE ló ṣáájú, èyí tó ní REMEDY ló tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n REMEDY nìkan kì í ṣe ẹ̀rí pé ìgò jẹ́ tuntun, torí àwọn olóògùn kan ti ń lò ó tipẹ́ ṣáájú òfin.

ESTABLISHED àti PATENTED. Ọdún tó wà lẹ́yìn ESTABLISHED jẹ́ ọdún tí wọ́n dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Ti PATENTED jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gba ẹ̀tọ́. Kò sí èyí tó jẹ́ ọjọ́ ìbí ìgò nínú méjèèjì. Ohun tí wọ́n ń sọ fún yín kò ju pé ìgò kò lè ṣáájú ọjọ́ náà.

Òbìrìkìtì tàbí ìgun mẹ́rin tó yí lẹ́tà ká. Bí ẹ bá rí ìlà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó yí orúkọ apòògùn àti ìlú rẹ̀ ká, páànù kan tí wọ́n lè pààrọ̀ ló wà nínú mọ́ọ̀dù náà. Mọ́ọ̀dù kan ṣoṣo lè fi í ṣe ìgò fún ọgọ́rùn-ún apòògùn. Ìgò irú ẹ̀ rọrùn láti tọpa, torí apòògùn kan nílùú kékeré kì í pẹ́ lójú kan. Ẹ wá orúkọ rẹ̀ nínú ìwé orúkọ àwọn oníṣòwò ìlú náà lọ́dọọdún. Ọdún tó kọ́kọ́ hàn àti ọdún tó hàn kẹ́yìn ni ààlà yín.

Àwọn kókó bí orí abẹ́rẹ́. Ẹ wo èjìká ìgò àti etí páànù dáadáa. Bí ẹ bá rí kókó kékeré tó yọ, ihò tí atẹ́gùn ń gbà jáde nínú mọ́ọ̀dù ló fà á. Àárín àwọn ọdún 1880 ló bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́pọ̀.

## Ìgbésẹ̀ 4: Àwọ̀, nígbẹ̀yìn

Mo fi í sẹ́yìn torí òun ló ń ṣini lọ́nà jù. Àwọ̀ omi òkun wá láti inú irin tó wà nínú yanrìn, wọ́n sì lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọ̀ oyin náà bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ aró lè jẹ́ oògùn lásán, ó sì lè jẹ́ májèlé.

Àwọ̀ kan ṣoṣo ló ń tọ́ka sí ìgbà dáadáa: àlùkò fẹ́ẹ́rẹ́. Wọ́n fi mángànéèsì sínú gíláàsì kó lè funfun, oòrùn sì ń sọ ọ́ di àlùkò bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Láti àwọn ọdún 1880 títí dé ìgbà Ogun Àgbáyé Kìíní ló pọ̀ jù. Sẹlẹ́níọ̀mù àti ásẹ́nììkì ló rọ́pò rẹ̀, ìyẹn sì ń fún gíláàsì ní àwọ̀ koríko gbígbẹ níbi tó bá nípọn.

## Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ wá àbíkẹ́yìn

Ẹ kọ gbogbo àmì tí ẹ rí, ẹ kọ ọdún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ àti ọdún tó parí. Ìgò kò lè dàgbà ju àbíkẹ́yìn àwọn àmì ara rẹ̀ lọ. Bí àmì mẹ́rin bá sọ 1870, tí ọ̀kan sọ 1905, ti 1905 ni kí ẹ mú.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ọ̀kan pa pọ̀. Ìgò apòògùn kan wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí, kò ga ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ìlà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pòórá ní ìwọ̀n ìbú ìka kan sábẹ́ ètè, òrùka wẹ́wẹ́ sì yí ọrùn ká: 1870 sí 1920. Kókó méjì wà léjìká: lẹ́yìn nǹkan bí 1885. Gíláàsì rẹ̀ ní àlùkò díẹ̀, bí èyí tí a fi omi là: 1880 sí Ogun Kìíní. Nínú páànù iwájú, orúkọ apòògùn, lẹ́yìn náà PITTSBURG, PA., láìsí "h": 1891 sí 1911. Nídìí rẹ̀, W. T. & CO.: kò kọjá 1901. Àbíkẹ́yìn ni 1891, ẹni tó kọ́kọ́ kúrò ní 1901. Ohun tí mo kọ sínú ìwé mi ni "nǹkan bí 1891 sí 1901". Mo fi "nǹkan bí" síbẹ̀ torí ilé iṣẹ́ lè máa lo mọ́ọ̀dù àtijọ́ fún ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí orúkọ wọn ti yí padà.

## Bí ìgò bá wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Wọ́n pẹ́ díẹ̀ kí ẹ̀rọ tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń fi ẹnu fẹ́ ìgò níbẹ̀, torí náà ẹ fún àwọn ọdún òkè yẹn láàyè. Àmì méjì ló wúlò jù:

- Dáyámọ́ńdì tó ní lẹ́tà àti nọ́ńbà ní àwọn igun rẹ̀: 1842 sí 1883.
- Rd. No. (nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀) pẹ̀lú nọ́ńbà: láti 1884, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti 1. Nọ́ńbà tó bá wà ní nǹkan bí 351,000 bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ 1900. Ọjọ́ tí wọ́n forúkọ àwòrán ìgò sílẹ̀ nìyẹn o.

Ìgò onígun mẹ́fà aláwọ̀ aró tàbí aláwọ̀ ewé, tó ní ìlà gbungbun lára, tí wọ́n kọ NOT TO BE TAKEN ("ẹ má mu ún") sí, ìgò májèlé ni. Ìlà yẹn wà níbẹ̀ kí ọwọ́ lè dá a mọ̀ nínú òkùnkùn.

## Ayédèrú àti àfarawé

Láwọn ọdún 1960 àti 1970, ilé iṣẹ́ Wheaton ní New Jersey ṣe ìgò kéékèèké tó jọ ti àtijọ́, tí gíga púpọ̀ nínú wọn kò ju ínǹṣì mẹ́ta lọ. Wọn kò ṣe é láti fi tan ẹnikẹ́ni, orúkọ wọn wà nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń tà á lónìí kì í fi ìdí rẹ̀ hàn nínú fọ́tò. Bí ẹ bá rí "Frank's Safe Kidney & Liver Cure", Wheaton ni, wọ́n fi farawé ìgò Warner's Safe Cure ti Rochester. "Dr. Fisch's Bitters" àti "Ball and Claw Bitters" náà bẹ́ẹ̀.

Àlùkò tó dúdú bí èso àjàrà yẹ kó kọ yín lóminú. Àwọn kan ń fi ìtànṣán olóró sọ gíláàsì di àlùkò láàárín ọjọ́ díẹ̀ kó lè wọ́n. Àlùkò tí oòrùn ṣe sábà máa ń rọra hàn. Ihò afẹ́fẹ́ inú gíláàsì náà kì í ṣe ẹ̀rí, torí ẹni tó ń fẹ́ ìgò lónìí lè fi wọ́n sí i bó ṣe fẹ́.

Ẹ tún fọwọ́ pa ìdí ìgò. Ìgò tó ti jókòó lórí pẹpẹ fún ọdún púpọ̀ máa ń ní àpá híha díẹ̀ níbi tó fi ń jókòó. Tí ìdí rẹ̀ bá dán kooro bí ẹni pé àná ni wọ́n gbé e wá, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ 1.

## Bí ohun kan bá sọnù

- Lẹ́tà ti pa: ẹ tẹ́ bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ pẹ́ńsù ra á jẹ́jẹ́. Tàbí kí ẹ ká bébà funfun sínú ìgò, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti iwájú.
- Ẹnu ti fọ́: ìdí àti kókó èjìká ṣì wà. Kìkì pé àlàfo ọdún yín máa fẹ̀ sí i.
- Ìdí ló fọ́: ẹnu tó. Ẹ má sọ ọ́ nù.
- Kò sí ìlà ẹ̀gbẹ́ rárá: wọ́n yí ìgò náà nínú mọ́ọ̀dù títí ìlà fi nù. Ìgò irú ẹ̀ kì í ní lẹ́tà tó yọ lára. Bí ó bá ní lẹ́tà tí kò sì ní ìlà, ẹ tún wá a, igun ìgò ló máa ń sá pamọ́ sí.

## Bí ẹ bá fẹ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀

Ẹ ya fọ́tò mẹ́rin yìí nínú ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀sán:

1. odindi ìgò, pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀
2. ẹnu àti ọrùn láti ẹ̀gbẹ́, kí ìlà lè hàn
3. ìdí, lójúkorojú
4. gbogbo ẹ̀gbẹ́ tó ní lẹ́tà, ọ̀kọ̀ọ̀kan

Ẹ fi ẹ̀dà ohun tí ẹ kọ sílẹ̀ ní ìgbésẹ̀ 3 kún un, kí ẹ sì sọ ibi tí ẹ ti rí ìgò náà.